Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni amíbà: ohun tí àìsàn àbúrò mi fi yé mi

Iṣẹ́ wíwo ìgbẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láàbù kan níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo ni ìwé ìjọba ń pè é) ni mo wà, àtàárọ̀ dalẹ́ ohun táwọn èèyàn ń gbé wá fún wa nínú ike kékeré ni ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìgbẹ́, tó bá wá di àsìkò òjò báyìí ti ìgbẹ́ ló máa ń pọ̀ jù. Àwọn ará ilé mi ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi nídìí oúnjẹ, mi ò sì bá wọn jà sí i.

Ọ̀rọ̀ àìsàn inú tó mú àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ, èyí tó ń ṣe tíṣà ní Sábẹ. Nídìí àìsàn yẹn ni mo ti wá mọ ohun kan tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ là yé wa nígbà tá à ń kọ́ṣẹ́: pé àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìfun wa, àwọn gan-an kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bí ara ṣe ń dá wọn mọ̀ ni, ibi tó ti ń dá wọn mọ̀, àti ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti dá wọn mọ̀ tán.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbẹ́ gbuuru lásán, irú èyí tí gbogbo wa ń ṣu tá a bá jẹ ohun tí ò bá wa lára mu. Nígbà tó yá inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ìgbẹ́ ń bá ikun wá, lẹ́yìn ikun ẹ̀jẹ̀ dé. Màámi gbọ́ ọ ní Kétu, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣebí àwọn ti ń sọ fún un kó dín ohun dídùn kù, pé àtìgbà tó ti lọ ń gbé Sábẹ níbi tí ilé iṣẹ́ ṣúgà wà lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti yí padà. Ilé iṣẹ́ ṣúgà wà ní Sábẹ lóòótọ́, àmọ́ tíṣà tí owó oṣù ò tó ná, ṣúgà mélòó ló fẹ́ lá? Bàbá onílé ẹ̀ ní tàwọn, amíbà ni. Nọ́ọ̀sì kan náà ní amíbà ni, ló bá kọ metronidazole fún un, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl, ó lò ó, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbéra. Wọ́n kọ ciprofloxacin, antibáyọ́tíìkì kan tó ń pa bakitéríà, ó rọlẹ̀, ó tún gbéra. Ẹnì kan tún wá ta òmíràn fún un lórí àtẹ, èyí tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní torí wọ́n ti gé ibi tí orúkọ wà kúrò lára pálí ẹ̀. Nígbà tó fi máa dọ́dọ̀ mi l'Ájàṣẹ́, okùn ló fi so ṣòkòtò mọ́dìí, ọkùnrin tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú!

Mo ní kó ṣu sínú ike fún mi, kó sì gbé e wá kíákíá. Mo kán omi oníyọ̀ sórí gíláàsì, mo fi igi tín-ín-rín mú ibi tí ikun àti ẹ̀jẹ̀ wà (ibẹ̀ la ti ń mú u, ibi tó le ò sọ nǹkan kan fún wa), mo pò ó pọ̀, mo fi gíláàsì pẹlẹbẹ bò ó, mo tún ṣe òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú lugọ́lì (omi aáyódìn) kí ojú ẹ̀ lè hàn. Amíbà tó ń dá egbò sí èèyàn nífun, téèyàn bá tètè wò ó nígbà tí ìgbẹ́ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wàá rí i tó ń na apá kan síwájú tó ń fà ara ẹ̀ tẹ̀ lé e, wàá sì rí ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbé mì nínú ẹ̀. Mo wá a lọ mo wá a bọ̀, mi ò rí i. Mo pe ọ̀gá mi kí wọ́n wá bá mi wò ó, àwọn náà ò rí i. Ohun tá a rí ni ẹ̀jẹ̀ pupa, àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó kún ojú máíkíróskópù fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fọ́ wẹ́wẹ́. A gbin ìgbẹ́ náà ká lè mọ̀ bóyá Salmonella tàbí Shigella, àwọn bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, máa hù, kò sí èyí tó hù níbẹ̀. A ní kó tún gbé òmíràn wá lọ́jọ́ míì, bákan náà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi rò ó. Sẹ́ẹ̀lì funfun yẹn, ọmọ ogun ara ni. Wọn kì í ṣàdédé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ìgbẹ́ bí kò sí ẹni tó pè wọ́n. Wọ́n jáde lọ́pọ̀ yanturu, mi ò wá rí ọ̀tá kankan tí wọ́n ń bá jà. Ta ló pè wọ́n?

Ọ̀gá mi ló ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ìfun ní Kútọnu. Dókítà yẹn kì í ṣe ẹni tó ń kánjú, Ọlọ́run bá wa bù kún wọn. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní calprotectin, lẹ́yìn náà wọ́n á ti kámẹ́rà bọ ìfun ẹ̀ látìdí. Orúkọ calprotectin yẹn ò ṣàjèjì sí mi, àmọ́ a kì í ṣe é ní láàbù tiwa. Pírọ́tíìnì kan ni, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí mo rí lábẹ́ máíkíróskópù yẹn gan-an ló máa ń wà, torí náà bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó nínú ìfun ló ṣe máa pọ̀ tó nínú ìgbẹ́. Ti àbúrò mi ga gan-an ni. Kámẹ́rà wá fi egbò hàn ní ìparí ìfun kékeré, níbi tó ti wọnú ìfun ńlá, ó mú ibì kan, ó fo ibì kan, ó tún mú ibòmíràn. Wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ohun tó pẹ́ wa jù ni pé dókítà ò gbà láti pe orúkọ àìsàn náà títí wọ́n fi rí i dájú pé kì í ṣe ikọ́ ife. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ikọ́ ife lè wọ ìfun kó sì jọ àìsàn yìí tó bẹ́ẹ̀, ibì kan náà ló fẹ́ràn, egbò wọn jọra, èèyàn á rù bákan náà. Nílẹ̀ tiwa tí ikọ́ ife ò tíì kúrò, tí wọ́n bá sáré fún ẹni tó ní in lóògùn tó ń pa ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́, wọ́n ti tú ajá sílẹ̀ fún un nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀ wò tán ni wọ́n tó sọ pé Crohn ni, irú àìsàn ìfun wíwú kan. Orúkọ dókítà kan tó ń jẹ́ Burrill Crohn ní New York ni, òun àtàwọn méjì míì ló kọ nípa ẹ̀ ní 1932.

Àbúrò mi béèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò wo gan-an ló wà nínú mi?" Dókítà ní, "Àwọn tẹ́ ẹ ti ń bá gbé látìgbà tẹ́ ẹ ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni." Ó ní ṣé kò sí oògùn tó lè pa gbogbo wọn ni? Dókítà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tá a bá pa gbogbo wọn, wọ́n á padà wá sin ín.

Bá a ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mo gbọ́ Faransé, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, ọmọ ọ̀gá mi tó wà ní yunifásítì sì ń bá mi wa àwọn ìwé náà jáde. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe mí ní háà ni iye wọn. Àwọn onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì ṣírò ẹ̀ ní 2016, wọ́n ní bakitéríà tó wà lára àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38, sẹ́ẹ̀lì tara èèyàn náà sì jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Ìfun ńlá ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Lóòótọ́ mo ti máa ń rí wọn ná, ẹ sáà fi àwọ̀ Gram kun ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni, bí ara ẹ̀ ti wù kó dá tó, ojú gíláàsì á kún fún aláwọ̀ àlùkò àti pupa, èyí tó gùn bí ọ̀pá, roboto, oríṣiríṣi, a ò tiẹ̀ ń kà wọ́n, à ń wò wọ́n kọjá lọ ni.

Bàbá wa àgbà ní Kétu, oníṣègùn ni wọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Wọ́n máa ń sọ pé kò sẹ́ni tí ò ní aràn nínú, pé aràn ló ń bá èèyàn lọ oúnjẹ, ìgbà tó bá pọ̀ jù tó sì kúrò níbi tó yẹ kó wà ló ń dàìsàn, ìdí nìyẹn tí agbo wọn fi jẹ́ agbo tó ń dín in kù, wọn ò fìgbà kan sọ pé àwọn fẹ́ pa á run. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Aràn yàtọ̀ sí bakitéríà ná, ẹ má jẹ́ ká da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ òkúta, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ kó wà níbi tó yẹ kó wà yẹn, Bàbá ti débẹ̀ kí èmi tó débẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Kétu á mọ Àkàbà Ìdènà. Láyé ọjọ́un odi ló yí ìlú ká, yàrà wà níwájú odi, ẹnubodè yẹn sì ní ilẹ̀kùn méjì, ẹ̀ṣọ́ wà láàárín. Ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún lódìkejì yàrà, kò sẹ́ni tó máa lulù ogun tìtorí ẹ̀, bóyá ọlọ́jà ni, bóyá ó ń kọjá lọ ni. Àmọ́ kí wọ́n gbúròó ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kejì láàjìn, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Bí ìfun ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Yàrà tiẹ̀ ni ikun tó ń yọ̀ yẹn. Nínú ìfun ńlá ìpele méjì ló ní, èyí tó wà lóde rọ̀, bakitéríà ń gbé inú ẹ̀ fàlàlà, èyí tó sún mọ́ ara ki, wọn kì í lè wọbẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Sweden ló fi hàn lára eku ní 2008. Lábẹ́ ikun ni odi wà, ẹyọ ìpele sẹ́ẹ̀lì kan péré, ẹyọ kan o! Ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọmọ ogun pọ̀ sí.

Báwo ni ẹ̀ṣọ́ wá ṣe ń mọ̀ pé bakitéríà ni? Bakitéríà láwọn nǹkan kan lára tí ara èèyàn kò ní. Àwọn kan ní ìrù tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, pírọ́tíìnì kan tó ń jẹ́ flagellin ni wọ́n fi mọ ọ́n. Àwọn kan ní ọ̀rá àti ṣúgà kan lára awọ wọn lóde tí wọ́n ń pè ní LPS. Ara wa wá ní àwọn rìsẹ́pítọ̀, ìyẹn ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbúròó nǹkan, tó jẹ́ pé irú nǹkan báyìí nìkan ni wọ́n wà fún. Ìtàn bí wọ́n ṣe rí wọn dùn mọ́ mi, torí ara eṣinṣin ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, Jules Hoffmann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Strasbourg rí i pé eṣinṣin tí jíìnì (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) kan tó ń jẹ́ Toll bá bà jẹ́ lára ẹ̀, èbu á kàn hù pa á ni. Ní 1998 Bruce Beutler ní Amẹ́ríkà wá rí i pé àwọn eku kan tí LPS ò ṣe nǹkan kan fún, irú jíìnì yẹn náà ló bà jẹ́ lára wọn. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel ní 2011, àwọn àti Ralph Steinman. Eṣinṣin o! Èyí tá a máa ń fi ìgbálẹ̀ lé nídìí ọsàn.

Níbi tí wọ́n fi rìsẹ́pítọ̀ sí lọgbọ́n wà. Èyí tó ń gbúròó flagellin, TLR5 lorúkọ ẹ̀, ọ̀kan lára rìsẹ́pítọ̀ irú Toll yẹn ni, ẹ̀yìn odi lápá inú ló pọ̀ sí lára sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá, kì í ṣe iwájú tó dojú kọ ìgbẹ́. Flagellin tó wà lóde ò yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá ti gbúròó ẹ̀ lápá inú, a jẹ́ pé ẹnì kan ti fo odi nìyẹn. Ló bá figbe ta, igbe yẹn ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa tú àwọn ohun ìránṣẹ́ jáde, ọ̀kan nínú wọn ni TNF, iṣan ẹ̀jẹ̀ á wá fẹjú, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, sẹ́ẹ̀lì funfun á ya lọ síbẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán, ó yẹ kí ariwo náà rọlẹ̀. Lára àbúrò mi kò rọlẹ̀.

Ibi tí mo dé yìí, ohun tí mo ti gbà lọ́kàn ni pé, ó dáa, ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀ ti ń gbọ́ ohùn jù, kí wọ́n di í létí. Àfi bí mo ṣe ka ti NOD2. NOD2 náà ń ṣọ́ bakitéríà, àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì lòun wà, èérún ara odi bakitéríà ló ń dá mọ̀. Ní 2001 ikọ̀ méjì gbé e jáde nígbà kan náà, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Paris tí Jean-Pierre Hugot ṣáájú, wọ́n ní jíìnì NOD2 yìí ló yàtọ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní Crohn. Ohun tó wá rú mi lójú ni pé ìyàtọ̀ yẹn ò jẹ́ kó gbọ́ jù, ńṣe ló ń dí i létí! Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà, mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ò yé mi. Ọmọ ọ̀gá mi ní ó yé mi, bó ṣe rí nìyẹn.

Àlàyé tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú gbogbo èyí tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, tó yẹ kó rọra lé wọn sẹ́yìn, kò gbọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà ní ìfun kékeré tó ń pèsè oògùn apakòkòrò tara, ó jọ pé NOD2 wà lára ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn dáadáa. Bí ìyẹn bá jáfara, bakitéríà á sún mọ́tòsí, àwọn kan á wọlé, ìgbà yẹn làwọn ẹ̀ṣọ́ tó kù á ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí, gbogbo wọn á máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onímọ̀ ní Yale tún ṣe ìwádìí kan ní 2004 tó bá a mu. Wọ́n mú eku tí wọ́n ti yọ èyí tó ń bá ọ̀pọ̀ rìsẹ́pítọ̀ irú Toll jíṣẹ́ kúrò lára wọn, wọ́n fún wọn ní ohun tó ń bó ìfun lára. Èèyàn á rò pé àwọn wọ̀nyí ni ara wọn máa balẹ̀ jù, ṣebí wọn ò gbúròó bakitéríà mọ́. Àwọn gan-an ló kú jù. Kódà eku tára ẹ̀ pé, tí wọ́n bá fi antibáyọ́tíìkì pa bakitéríà inú ẹ̀ kí wọ́n tó bó ìfun ẹ̀, òun náà ò yè é. Àṣé gbígbúròó bakitéríà ojoojúmọ́ yẹn wà lára ohun tó ń sọ fún ìfun pé kó máa tún odi ẹ̀ mọ.

Ọ̀nà kejì tún wà o. Ní 1993 àwọn onímọ̀ ní Jámánì yọ jíìnì IL-10 kúrò lára eku, IL-10 ni ohun ìránṣẹ́ tí ara fi ń ní kí ọmọ ogun rọra. Ìfun àwọn eku yẹn wú. Nígbà tó yá àwọn míì wá tọ́ irú eku bẹ́ẹ̀ níbi tí kò ti sí bakitéríà kankan rárá, ìfun wọn ò wú. Bakitéríà náà ò sì ṣe nǹkan kan fún eku tí ara ẹ̀ pé. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí ìjà tó bẹ́.

Mi ò mọ̀ bóyá ti NOD2 ló ṣe àbúrò mi, a ò yẹ jíìnì ẹ̀ wò, dókítà sì ní kò wúlò fún ìtọ́jú ẹ̀. Àwọn ìyàtọ̀ NOD2 tí wọ́n sọ yẹn, àárín àwọn tó ti Yúróòpù ṣẹ̀ ló pọ̀ sí, wọn ò rí wọn lára àwọn ará Japan, Crohn sì wà ní Japan náà. Ibi jíìnì tí wọ́n ti rí tó kan àìsàn ìfun wíwú ti lé ní 200, ọ̀pọ̀ nínú wọn kan bí ara ṣe ń bá kòkòrò lò. Mo sọ èyí torí pé ẹ̀gbọ́n wa kan ti ń wí lábẹ́lẹ̀ pé ìdílé ìyàwó àbúrò mi ló gbé e bá a. Ẹ jọ̀ọ́.

Nǹkan tí mo wá rí nípa antibáyọ́tíìkì nìyí. Ní 2017 ìjọba ya wọ ọjà Adjégounlè ní Kútọnu, wọ́n kó oògùn ayédèrú lọ rẹpẹtẹ, àmọ́ ẹ jáde báyìí sí ọjà Wandó l'Ájàṣẹ́ níbí, ẹ ní inú ń run yín, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ò ní fún yín ní kápúsù aláwọ̀ méjì. Kì í ṣe pé antibáyọ́tíìkì ò dáa, ẹni tó ní Shigella gidi, ó lè gba ẹ̀mí ẹ̀ là. Àmọ́ kì í yan ẹni tó máa pa. Nínú àwọn tó ń pa ni àwọn kan tó ń jẹ èérún oúnjẹ tí inú wa ò lè dà, èèpo ẹ̀wà, okùn inú ewébẹ̀, tí wọ́n sì fi ń ṣe ohun kan tó ń jẹ́ butyrate. Butyrate yẹn ni oúnjẹ tí sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá fẹ́ràn jù, ní 2013 wọ́n tún rí i lára eku pé ó ń mú kí irú ọmọ ogun kan pọ̀ sí i nínú ìfun, àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni láti máa pẹ̀tù sí ìjà. Àwọn apẹ̀tùsíjà yẹn ni Shimon Sakaguchi ará Japan àtàwọn ará Amẹ́ríkà méjì torí ẹ̀ gba Nobel ní 2025. Àwọn ará Paris sì ti rí i láti 2008 pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe butyrate, Faecalibacterium prausnitzii (kẹ́ ẹ má kà á síta), ó kéré nínú ìfun àwọn tí Crohn wọn tètè padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Màámi gbọ́ ti èèpo ẹ̀wà yìí, wọ́n bá fi mọ́tò rán ẹ̀wà, gbọ̀rọ̀ àti ìṣapá ránṣẹ́ láti Kétu gba Pobè gba Sákété wá bá wa, ó kún báàgì. Ọmọ ò sì lè jẹ ẹ́ nígbà yẹn. Nígbà tí ìfun bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tó sì ti wú tí ọ̀nà ẹ̀ há, oúnjẹ elókùn á máa há sí i ni, àkàsà rírọ̀, ẹja tútù àti ọbẹ̀ tí kò ta ló ń jẹ. Ìgbà tó rọlẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà padà, ẹ̀wà tó jiná di ẹ̀kọ. Wàgàṣì tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Sábẹ kò ṣe é ní nǹkan kan, ata ló ń ta á nínú, dókítà sì ní ata ò dá àìsàn yẹn sílẹ̀, egbò tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń ta á sí. Wọ́n gbé agbo náà wá. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká gbé e pa mọ́ ná, tí ẹ̀jẹ̀ bá dá tán a ó bi dókítà." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní bóyá láàbù ló bí mi ni. Àmọ́ wọ́n gbé e pa mọ́.

Èyí tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni ìgbà tí mo sọ fún wọn pé ní 2013 àwọn dókítà ní Netherlands bu ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ dá, wọ́n pò ó mómi, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì fi rọ́bà dà á sínú ìfun àwọn tí antibáyọ́tíìkì ti ba inú wọn jẹ́, tí kòkòrò burúkú kan tó ń jẹ́ Clostridioides difficile (Clostridium difficile ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn) ti gba ibẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró. Màámi ní "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rógun àìsàn!" Ti Crohn kọ́ nìyẹn, mo sọ fún wọn pé kò tíì sí ẹni tó fẹ́ da nǹkan kan sínú ọmọ wọn.

Kọ́tísọ́ọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, prednisolone. Ojú ẹ̀ wú roboto, oorun ò kùn ún, ebi ń pa á lóru, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n wá rọra ń dín in kù, èèyàn kì í jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbé azathioprine sí i, oògùn tó ń pa ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́, èyí tó máa ń pẹ́ kó tó ràn, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò torí ẹ̀, ìyẹn ni mo gbà lọ́wọ́ wọn, mo ní èmi ni màá máa ṣe tiẹ̀ fúnra mi. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Sábẹ, ṣòkòtò ti ń bá a mu, bọ́ọ̀lù ò tíì yá. Ó máa ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, inú tún ń pariwo o," màá ní kó gbé ìgbẹ́ wá ká lọ wọn calprotectin ẹ̀, nígbà míì ẹ̀wà lásán ni.

Èyí tí wọ́n wọ̀n kẹ́yìn tún ti ń gòkè díẹ̀. Dókítà ní tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń di TNF lọ́wọ́ ló kù, irú infliximab, tí wọ́n ti ń lò fún Crohn ní Amẹ́ríkà láti 1998. Ó ní kí wọ́n tó fún un, wọ́n á tún yẹ ikọ́ ife wò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí TNF yẹn kan náà ni ara fi ń há ikọ́ ife tó bá sá pamọ́ mọ́ ibì kan, tí wọ́n bá ti mú un kúrò ikọ́ ife lè jí. Inú iṣan ni wọ́n ń fa infliximab sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ, owó ẹ̀ kì í ṣe owó tíṣà. Mo ti wọ tọ́ńtíìnì (èésú) àwọn obìnrin àdúgbò wa, Màámi náà wọ ti Kétu, ẹ̀gbọ́n wa tó ń fẹ̀sùn kan ìdílé ìyàwó ti fi owó séfà tiẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kankan bẹ̀ ẹ́.